Ọgbẹ́ ti jiná, ìrora ò lọ, wọ́n sì tún fẹ́ gbé mi wọ tíátà

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá èyí tí mo lè máa dá gbé mì. Wọ́n gé ọmú òsì mi lọ́dún tó kọjá nítorí jẹjẹrẹ, wọ́n kó kókó inú abíyá mọ́ ọn, mo gba kímò, mo gba ìtànṣán, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní tamoxifen ni mò ń lò báyìí. Ọgbẹ́ yẹn jiná dáadáa, ojú àpá ń dán. Ṣùgbọ́n láti abíyá títí wá sí abẹ́ apá, ibi tí ẹran apá ti rọ̀ yẹn, kò fún mi nísinmi. Ó kú níbì kan, tẹ́ ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún un mi ò ní mọ̀, níbòmíì lára rẹ̀ ó ń ta mí bí ẹni pé ata gígún ni wọ́n fi ra á. Aṣọ ò gbọdọ̀ kàn án. Mi ò lè wọ kọ́mú, mi ò lè wọ bùbá léèsì, tí àwọn ìbejì bá sáré wá dì mọ́ mi, màá ti ké kí n tó mọ̀ pé mo ké.

Mo sọ fún dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní "Madam, ọgbẹ́ ti jiná, kò sí nǹkankan níbẹ̀". Ibuprofen ni mo kọ́kọ́ ń rà, nígbà tí ìyẹn ò gbọ́ mọ́ ni ọmọkùnrin oníkẹ́míìsì àdúgbò wa fún mi ní tramadol. Ó ń jẹ́ kí n sùn lóòótọ́, àmọ́ tí mo bá jí, orí mi á wúwo, ìrora náà á sì wà níbi tí mo fi í sí.

Èyí tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé wọ́n rí kókó kékeré kan ní ọmú ọ̀tún, wọ́n ní àwọn á yọ ọ́ láti fi ṣàyẹ̀wò. Ọkọ mi ní ká lọ. Èmi ò lè sùn. Kókó yẹn gan-an ò bà mí lẹ́rù tó kí apá ọ̀tún náà wá dà bíi tòsì, ìgbà yẹn apá wo ni mo fẹ́ fi gún iyán? Oorun tíátà náà tún ń bà mí lẹ́rù, nígbà tí mo jí níjọ́sí mo bì débi tí mo rò pé ojú abẹ á ya. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Àbẹ̀kẹ́ Alájé
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Gbogbo wa la ní in o, tèmi ti pẹ́ lára. Wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kéèyàn máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Ẹ máa fi omi gbígbóná jó o, kẹ́ ẹ máa gbàdúrà. Ọlọ́run á wo yín sàn.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, àmín àdúrà o, àmọ́ ẹ má bínú, omi gbígbóná yẹn rárá. Ibi tí wọ́n ní ó kú, tí wọn ò mọ abẹ́rẹ́ lára, ṣé omi gbígbóná ni wọ́n máa mọ̀? Awọ á ti bó kí wọ́n tó mọ̀ pé omi ti gbóná jù. Apá tí wọ́n ti kó kókó abíyá rẹ̀, a kì í fi nǹkan jó o.

Ìyá Ìbejì, ohun tó ń ṣe yín ní orúkọ, ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ń ṣe. Iṣan kan wà tó gba inú abíyá kọjá lọ sí abẹ́ apá, intercostobrachial ni wọ́n ń pè é. Iṣan yẹn kì í gbé apá, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa sọ fún ọpọlọ ohun tó fara kan awọ. Tí wọ́n bá ń kó kókó abíyá, ojú ọ̀nà rẹ̀ gan-an ni ọwọ́ wọn ń gbà, wọ́n lè gé e, wọ́n lè fà á, àpá sì lè fún un mọ́lẹ̀ tó bá yá. Tó bá ti fara pa báyẹn, aṣọ lásán á kàn án, á lọ sọ fún ọpọlọ pé iná ni. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi wo ojú àpá tí kò rí nǹkankan, kì í ṣe ohun tí ojú ń rí. Tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó ṣì ń dùn yín, post-mastectomy pain syndrome ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, àwọn ìwádìí máa ń sọ pé láàárín obìnrin 100 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún, 20 sí 50 ló máa ń ní in. Ìtànṣán tún ń dá kún un, ọjọ́ orí náà, àwọn tí ò tíì dàgbà púpọ̀ ló máa ń bá jù.

Ibuprofen ò lè ṣe nǹkankan fún ìrora iṣan, kíndìnrín àti inú yín lẹ ń fi ṣeré, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà níbẹ̀. Ẹ ní kí dókítà kọ amitriptyline fún yín, ó wà fún ìrora iṣan. Ní ti iṣẹ́ abẹ tó ń bọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní abẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn kí wọ́n tó gé yín, ẹni tó bá ti gba ìyẹn, ìrora tó ń pẹ́ yìí kì í bá a.

Bàbá Tóyọ̀sí
Ẹ kú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi ọkùnrin ni, ìyàwó mi ni jẹjẹrẹ tirẹ̀ tàn dé eegun. Gbogbo tramadol, gbogbo abẹ́rẹ́ ìrora Fortwin tí wọ́n ń gún un, kò ràn án. Ẹnìkan ló sọ fún wa pé ká lọ sí ẹ̀ka hospice, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le, ní UCH n'Íbàdàn, morphine olómi ni wọ́n fún un níbẹ̀, ó ń mu ún bí omi oògùn ikọ́, lálẹ́ ọjọ́ náà ló sùn tó ń hanrun. Àwọn ẹbí ń sọ pé oògùn àwọn tó fẹ́ kú ni, pé á di bárakú. Kò di bárakú kankan. Ìgbẹ́ gbígbẹ nìkan ni wàhálà tó fà, wọ́n sì ti fún un ní oògùn ìyẹn mọ́ ọn. Ìyá Ìbejì, ẹ lọ bá wọn kẹ́ ẹ gba morphine, ẹ yé jìyà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Peckham
Ẹ n lẹ́ o. London ni mo wà, iṣẹ́ abẹ tèmi ti lé lọ́dún mẹ́rin. Irú ìrora yín gẹ́lẹ́ ni mo ní. Bàbá Tóyọ̀sí, inú mi dùn pé ìyàwó yín rí ìsinmi, àmọ́ ìrora eegun àti ìrora iṣan kì í ṣe ọ̀kan náà. Níbí, tó bá jẹ́ ti iṣan, morphine kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú. GP mi, ìyẹn dókítà àdúgbò, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú amitriptyline, ẹnu mi gbẹ bí ìgbà tí mo gbààwẹ̀, mo ń sùn lójú iṣẹ́, mo ní kí wọ́n gbà á padà. Wọ́n fún mi ní pregabalin, ìyẹn ń jẹ́ kí ojú máa pòòyì, ara mi sì wú. Ó tún wá ní òfin nínú, láti April 2019 ni ìjọba níbí ti kó òun àti gabapentin sábẹ́ òfin oògùn olóró torí àwọn tó ń ṣì í lò, wọn kì í kọ ju ti oṣù kan lọ fún yín. Duloxetine ló wá bá mi lára mu. Wọ́n tún fún mi ní ìpara capsaicin tí wọ́n fi ata ṣe, èmi lọ fi ata pa ibi tó ń ta mí, ẹ ò rí i, mo ju ìyẹn sínú bíìnì.

Ẹ tún máa kíyè sí i o, nígbà tó yá orúnkún àti ọmọ ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí láàárọ̀, mo rò pé ìrora abíyá ló rìn dé ibẹ̀. Anastrozole, oògùn jẹjẹrẹ tí mò ń lò, ló fà á, ó máa ń fa ìrora oríkèé. Kì í ṣe gbogbo ìrora lẹ́yìn kánsà ọmú ni ti iṣẹ́ abẹ.

Káyọ̀dé Apòògùn
Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tètè dá sí ti duloxetine kí Ìyá Ìbejì tó ránṣẹ́ sí London. Anastrozole lẹ̀ ń lò, kò sí ìjà láàárín òun àti duloxetine. Tamoxifen ni Ìyá Ìbejì ń lò. Ẹ̀dọ̀ ló ń yí tamoxifen padà sí èyí tó ń bá jẹjẹrẹ jà gan-an, duloxetine sì máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ yẹn. Paroxetine àti fluoxetine tí wọ́n ń fún àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì tún burú jù ú lọ. Tí dókítà bá fẹ́ lo irú oògùn ìdílé yẹn fún ẹni tó ń lo tamoxifen, venlafaxine ni wọ́n sábà máa ń mú. Ẹ dákun, ẹni tó bá ń lo tamoxifen, ẹ máa dá a lórúkọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ oògùn fún yín, dókítà eyín pàápàá.

Èkejì, nọ́ọ̀sì wa sọ amitriptyline, òótọ́ ni, ó wà káàkiri níbí, kò sì wọ́n tó pregabalin. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bá tramadol pàdé láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Méjèèjì papọ̀ lè fa gìrì, wọ́n lè jẹ́ kí ara máa gbọ̀n, kí àyà máa sáré. Ọmọkùnrin oníkẹ́míìsì yẹn ò tiẹ̀ yẹ kó ta tramadol fún yín láìsí ìwé dókítà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ má kàn jí lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ jáwọ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí dókítà dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Àṣírí Ìwòsàn Global
Ẹ yéé ná owó yín sí oògùn òyìnbó. Òróró wa ń lé jẹjẹrẹ, ìrora, apá wíwú àti ọ̀fà ayé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀.

Alábòójútó
A ti yọ ẹni òkè yìí kúrò. Ẹ má fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ o, ó tún máa ń wọ inbox.

Registrar Olóorun
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Nídìí iṣẹ́ akunilóorun ni mo wà, àwa la máa ń wà níbi orí yín tí oníṣẹ́ abẹ bá wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ka gbogbo ẹ̀ látòkè, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń gba oorun lójú Ìyá Ìbejì.

Mà, ohun tó ba apá òsì yín jẹ́ ni abíyá tí wọ́n wọ̀. Tó bá jẹ́ kókó kékeré nínú ọmú ni wọ́n fẹ́ yọ, tí wọn ò ní dé abíyá, iṣan yẹn ò sí lójú ọ̀nà wọn. Ìrora lè wà lójú ibi tí wọ́n gé, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ kí apá ọ̀tún di bíi tòsì nítorí kókó kékeré, kò wọ́pọ̀. Kódà, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ó di dandan kí wọ́n gé e. Abẹ́rẹ́ ńlá kan wà tí wọ́n fi ń bu díẹ̀ nínú kókó fún àyẹ̀wò, wọ́n á pa ojú ibẹ̀ kú, ẹ ò ní sùn, ẹ máa padà sílé lọ́jọ́ náà. Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n máa yọ ọ́ ni, púpọ̀ nínú kókó kéékèèké ló ṣeé yọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ nìkan kú. Ẹ máa mọ̀ pé wọ́n ń fà yín, wọ́n ń tì yín, àmọ́ kò ní dùn yín. Ẹni tí eebi ń bá jà báyẹn, èyí ni màá kọ́kọ́ fún un.

Tó bá di pé ẹ máa sùn náà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ eebi yẹn fún dókítà olóorun kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ti wà lórí tábìlì. Obìnrin ni yín, ẹ ò mu sìgá, ẹ ti bì rí, ẹ sì máa gba oògùn ìrora alágbára, gbogbo ẹ̀ la fi ń mọ ẹni tó máa bì. A lè fi abẹ́rẹ́ propofol kun yín lóorun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin dípò gáàsì, ká fi dexamethasone àti ondansetron tó ń dènà eebi kún un. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun, kò sì nílò òyìnbó.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé, ẹ ṣeun fún àlàyé iṣan yẹn, ó dáa gan-an, ibi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn nìkan la ti yà. Paravertebral lẹ̀ ń sọ. Ó dáa o, ó ń jẹ́ kí èèyàn jí láìsí ìrora tó le, ó ń dín morphine kù, ó ń dín eebi kù. Àmọ́ pé ẹni tó gbà á kì í ní ìrora tó ń pẹ́, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ìwádìí ńlá kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2019, ó lé ní 2,000 obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, àwọn kan gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú propofol, àwọn kan gba gáàsì pẹ̀lú oògùn ìrora ìdílé morphine. Bóyá jẹjẹrẹ á padà wá ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀, kò sí ìyàtọ̀. Wọ́n wá bi wọ́n nípa ìrora lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àti lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀ náà.

Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní PECS, dókítà kan tó ń jẹ́ Blanco ló kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ ní 2011, àárín ẹran àyà níwájú ni wọ́n ń fún un sí, ẹ̀rọ ọ́tírasáàǹdì ni wọ́n fi ń wo ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́. Kò sún mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ ò bá sí, oníṣẹ́ abẹ lè fúnra ẹ̀ fún bupivacaine, oògùn tó ń pa ojú ibẹ̀ kú, sí ojú ọgbẹ́ kó tó rán an. Ẹ béèrè fún èyí tó bá wà.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé
Dókítà, mo gbọ́, àmọ́ ìwádìí kan ṣoṣo kọ́ ló wà nílẹ̀. Àwọn kéékèèké tí wọ́n kó papọ̀ ṣáájú ìyẹn ń sọ pé ó ń dín in kù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí ìrora bá le fún ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń wà lára àwọn tó máa ń pẹ́ fún. Èmi ṣì máa ní kí wọ́n gbà á.

Registrar Olóorun
Èmi náà máa ní kí wọ́n gbà á, nọ́ọ̀sì mi. Kí wọ́n má kàn wá dá wa lẹ́bi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni mò ń sọ.

Màmá Físíò
Gbogbo yín ń sọ oògùn, ẹ ò dárúkọ apá. Ìyá Ìbejì, ṣé apá yẹn ń lọ sókè? Ẹni tí nǹkan ń dùn máa ń fi apá mọ́ ẹ̀gbẹ́, èjìká á wá gan, ìrora èjìká á tún gun orí tabíyá, ẹ ò ní mọ èwo lèwo mọ́. Ẹ dúró kọjú sí ògiri, ẹ fi ọmọ ìka rìn gòkè lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá ti ń fà ni kẹ́ ẹ dúró sí, kì í ṣe ibi tó ti ń ro yín dé egungun. Ẹ fi ẹfun sàmì síbẹ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́. Àmì yẹn á máa gòkè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní tíátà tí rọ́bà tó ń fa omi ṣì wà lára ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e kọjá èjìká ṣá o.

Ti pé aṣọ ò gbọdọ̀ kàn án, awọ yẹn la máa ń tún kọ́. Ẹ fi òwú tó rọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ra á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́ẹ̀melòó kan lójúmọ́. Tí ara bá ti gba òwú, ẹ mú àǹkárá tó ti gbó, tí fífọ̀ ti sọ di rírọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan táwẹ̀lì. Nínú ilé, ẹ máa wọ ṣímí olówùú ní òdì, kí ojú rírán wà níta. Bùbá léèsì yẹn, ẹ ní kí télọ̀ fi sátínì tẹ́ abẹ́ apá rẹ̀ láti inú. Àwọn aláìsàn mi ló kọ́ mi nìyẹn.

Tí òrùka bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín tàbí tí apá bá wú, apá wíwú nìyẹn, ó ní ìtọ́jú tirẹ̀, ẹ tètè wá.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Ẹ jẹ́ kí n kí gbogbo yín lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ò ní rí ibi. Ẹ̀rù apá ọ̀tún yẹn ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Apá òsì ò lọ sókè, Màmá Físíò, ọkọ mi ló ń bá mi so gèlè. Ìbéèrè mi: àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó kan fẹ́ lé láàlì fún mi fún ìgbéyàwó àbúrò mi tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ṣé kò ní nǹkan ṣe? Àti pé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí mo máa ń mu, ṣé dandan ni kí n sọ ọ́? Dókítà tó kọjá pariwo mọ́ mi nítorí àgbo.

Registrar Olóorun
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ọmọ ìka méjì sílẹ̀ láìlé láàlì, pàápàá tó bá jẹ́ dúdú. Ibẹ̀ la máa ń fi nǹkan kékeré kan há tó ń ka atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ yín, láàlì àti kútẹ́ẹ̀sì lè jẹ́ kó ka ìkàkukà. Eyín àtọwọ́dá náà, ẹ yọ ọ́ sílẹ̀. Àgbo, ẹ sọ ọ́, kódà kí wọ́n pariwo. Ẹ sọ ibuprofen àti tramadol pẹ̀lú. A ò mọ ohun tó wà nínú àgbo yẹn, tó bá jẹ́ èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù, inú tíátà kọ́ ló yẹ ká ti mọ̀, ẹ jáwọ́ nínú àgbo náà láti ìsinsìnyí. Oúnjẹ, ẹ dá a dúró ó kéré tán wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó kun yín lóorun, omi lásán ẹ lè máa mu títí di wákàtí méjì ṣáájú, àmọ́ èyí tí ilé ìwòsàn yín bá sọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé.

Bàbá Tóyọ̀sí
Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí bàbá wọn bá yín wọlé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí dókítà. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé: ibi tó ń dùn, bó ṣe ń dùn, oògùn tẹ́ ẹ ti lò. Wọn kì í lè sọ pé kò sí nǹkankan fún ẹni méjì. Tí ìrora tuntun bá sì bẹ̀rẹ̀ níbòmíì, ní ọ̀pá ẹ̀yìn bíi tìyàwó mi, tó ń jí yín lóru, ẹ má rò pé iṣan abíyá yẹn náà ni o. Ibẹ̀ la ti pẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé
Ó ṣe pàtàkì gan-an lohun tí bàbá sọ yìí. Kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àpá, èémí tó ń gé, apá tó pọ́n tó gbóná pẹ̀lú ibà, gbogbo ìyẹn ẹ má dúró dọjọ́ kílíníìkì.

Àbẹ̀kẹ́ Alájé
Ẹ jọ̀ọ́, amitriptyline tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, èmi náà fẹ́ bi dókítà mi nípa ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń kán oògùn sójú láràárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n ní ojú mi le. Ṣé kò ní nǹkan ṣe?

Káyọ̀dé Apòògùn
Ó ní o, mà. Tó bá jẹ́ glaucoma, àìsàn tó ń mú kí inú ojú le, ni wọ́n ń kán oògùn sí, oríṣi kan wà tí amitriptyline lè mú kí ojú yẹn tún le sí i, ẹ má tíì fẹnu kàn án. Ẹ sọ fún dókítà ojú kẹ́ ẹ tó sọ fún ẹlòmíì, gabapentin lè ṣeé lò fún yín dípò ẹ̀. Ẹ bá mi ka orúkọ tó wà lára ìgò oògùn ojú yẹn síbí ná.